Ilé Àfàrìn fún Tọkọtaya: Mọ́tò Ni Kí A Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí ti ọ̀dọ̀ bàbá kan nínú ẹgbẹ́ wa wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tí ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, ránṣẹ́ sí i lórí fóònù pé òun àti ìyàwó òun fẹ́ ra “trailer” kékeré kan tí àwọn méjèèjì yóò máa sùn sí bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò. Bàbá kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Tírélà tí bàbá mọ̀ ni èyí tí ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọbájànà. Ìyá ní tirẹ̀ rò pé owó ilé ni àwọn ọmọ kò rí san mọ́. Wọ́n ní kí á bá àwọn wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí àwọn lè mọ èsì tí àwọn yóò fún ọmọ.

Kí ọkàn àwọn òbí náà balẹ̀. Yàrá kan ni ohun tí àwọn ọmọ ń sọ, ó ní táyà méjì tàbí mẹ́rin, a sì ń so ó mọ́ ìdí mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, fíríìjì kékeré wà, òmíràn a sì ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. A ó máa pè é ní ilé àfàrìn nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún tírélà ẹlẹ́rù. Ohun tí ìyá rò kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán pátápátá, nítorí àwọn kan wà ní Amẹ́ríkà tí owó ilé lé wọ inú irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wọ̀nyí ní ilé, iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọ wọn ti lọ sí yunifásítì. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún, wọ́n sì fẹ́ fi ìsinmi rí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Fàájì yìí ti pẹ́. Ní 1885, dókítà ọmọ ogun ojú omi kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, Gordon Stables, ní kí wọ́n kan irú ilé bẹ́ẹ̀ fún òun ní Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹṣin méjì ni ó ń fà á. Ní 1959, ọ̀gbẹ́ni Wally Byam, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ Airstream sílẹ̀, kó àwọn ará Amẹ́ríkà jọ, wọ́n sì fa ilé onírin dídán wọn láti Cape Town lọ sí Cairo, láti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà dé òkè. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe ti kékeré jáde ní 1961, èyí tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ, Bambi ni wọ́n pè é. Wọ́n ní inú èdè kan ní Angola ni orúkọ náà ti wá, pé ẹran kékeré kan bí ẹtu ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nísinsìnyí, ibi tí ewu wà. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya a lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tà á, wọn a rí ibùsùn tí ó tẹ́ dáadáa àti àwo tí a tò, wọn a sanwó, kí wọ́n tó ronú kan mọ́tò tí yóò fà á. Àwa tí a wà ní òkè Ọya yìí mọ ohun tí ẹrù jẹ́. Nínú wa ni àwọn tí bàbá wọn fi ọkọ̀ ojú irin kó ẹrù láti Ọ̀fà wá, nínú wa sì ni àwọn tí ó ti rí ọkọ̀ tí ẹrù pa lójú ọ̀nà. Nínú ọ̀rọ̀ ilé àfàrìn, alárù ni a kọ́kọ́ ń wò kí a tó di ẹrù.

Ìwé tí ó bá mọ́tò wá láti ilé-iṣẹ́ ni yóò sọ iye tí mọ́tò náà lè fà. Pọ́n-ùn ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, pọ́n-ùn ti ìwọ̀n, kì í ṣe ti owó. Nǹkan bí 110 rẹ̀ ni àpò sìmẹ́ǹtì 1 tiwa, èyí tí í ṣe kílò 50. Toyota Highlander tí ń lo epo nìkan lè fa 5,000. Èyí tí ń lo epo pẹ̀lú bátìrì, 3,500. Sienna náà, 3,500. RAV4 kan wà tí ìwé rẹ̀ sọ 1,500 péré, òmíràn wà tí tirẹ̀ jẹ́ 3,500, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni a fi ń wò wọ́n lójú títì. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ má ṣe gba ẹnu ẹni tí ń tajà gbọ́. Kí wọ́n ṣí ìwé. Àwa fara mọ́ kí wọ́n fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ lè fa 3,500, kí ilé rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ẹrù má ju 2,800 lọ.

“Pẹ̀lú gbogbo ẹrù” ni a wí o. Àwọn olùtajà a máa kọ ìwọ̀n òfìfo gàdàgbà, ìyẹn ìwọ̀n ilé nígbà tí kò sí nǹkankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fa ilé òfìfo rìnrìn àjò? Gálọ́ọ̀nù omi 20 ti Amẹ́ríkà nìkan ju pọ́n-ùn 160 lọ. Sílíńdà gáàsì tí a ń rí jùlọ, bí ó bá kún, jẹ́ nǹkan bí 37. Bátìrì ń bẹ, aṣọ ń bẹ, ìkòkò ń bẹ. Bí a bá sì mọ àwọn èèyàn wa, àpò gaàrí yóò wà níbẹ̀, iṣu yóò wà níbẹ̀, ẹnìkan yóò sì fẹ́ kó odó sí i. Iye kejì tí a lẹ̀ mọ́ ara ilé náà, èyí tí ó sọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù, òun ni kí wọ́n mú wé agbára mọ́tò. Bí ó bá ṣì rú wọn lójú, òṣùwọ̀n ńlá wà ní ibi tí àwọn awakọ̀ tírélà ti ń ra epo ní Amẹ́ríkà. Owó kékeré ni wọ́n ń gbà, ìwé tí wọ́n bá sì fún wọn níbẹ̀ kì í parọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í ṣírò. Ọrùn ilé náà, ibi tí ó fi di mọ́tò mú, a máa tẹ ìdí mọ́tò mọ́lẹ̀. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ilé. Bí ilé pẹ̀lú ẹrù bá jẹ́ 2,800, ọrùn yóò jẹ́ 280 sí 420, ó tó àpò sìmẹ́ǹtì bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a gbé ka ìdí mọ́tò. Ìwé kékeré kan sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ tí ó sọ iye tí mọ́tò lè gbé, ènìyàn àti ẹrù. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé 1,100 ni. Ọkọ, 200, ìyàwó, 190, ẹrù inú mọ́tò, 200, ọrùn ilé, 400. Ó di 990. Ohun tí ó ṣẹ́ kù jẹ́ 110. Àbúrò tí ó bá ní òun náà ń bá wọn lọ ti pọ̀ jù.

Kí wọ́n má sì sọ pé àwọn yóò kó ẹrù sẹ́yìn kí ọrùn lè fúyẹ́. Bí ọrùn bá fúyẹ́ jù, ilé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì bí ìrù màlúù tí eṣinṣin ń yọ lẹ́nu, bí eré bá sì pọ̀, yóò gbé mọ́tò dànù. Iwájú ni kí ẹrù wúwo pọ̀ sí díẹ̀, kí ó sì wà nílẹ̀. Bí ilé bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù, kí awakọ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ohun tí ń mú mọ́tò sáré, kí ó di sítíárìn mú ṣinṣin, kí ó má tẹ bíréèkì mọ́tò lójijì, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ bíréèkì ti ilé nìkan. Èyí túmọ̀ sí pé ilé gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀, kí a sì so ohun tí a fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú awakọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò béèrè bíréèkì fún ilé tí ó fúyẹ́. Àwa ní kí wọ́n rà á síbẹ̀síbẹ̀. Ní California, ẹni tí ń fa ilé kò gbọdọ̀ sáré ju máìlì 55 ní wákàtí kan. A rò pé eré yẹn tó níbi gbogbo.

Irú wo ni kí wọ́n wá rà? Èyí tí ó kéré jù dà bí ẹ̀kán omi. Ibùsùn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà lẹ́yìn lábẹ́ ìdérí tí a ń gbé sókè, ẹni tí ń se oúnjẹ yóò sì dúró síta bí àwọn ìyá wa ti ń dáná lẹ́yìnkùlé. A fẹ́ràn èyí fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í lè nàró wọ aṣọ nínú rẹ̀. Òmíràn wà tí a ń ká pọ̀, kò gba atẹ́gùn púpọ̀ lójú ọ̀nà, títò rẹ̀ nínú òjò ni ìṣòro. Èyí tí ó wù wá jù fún àwọn ọmọ náà ni èyí tí a fi fáíbà ṣe, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ tí a dé mọ́ra bí igbá àti ọmọrí rẹ̀. Scamp tí wọ́n ń ṣe ní Minnesota láti àwọn ọdún 1970 jẹ́ ọ̀kan, Casita tí ó jẹ́ ti Texas níbẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Scamp ẹsẹ̀ bàtà 13 lófìfo jẹ́ nǹkan bí 1,200 sí 1,500. Ìdí tí a fi yàn án ni pé omi òjò ni ó ń pa ilé àfàrìn ju táyà lọ. Ilé onípákó tí a lẹ̀ pọ̀ ní oríkèé púpọ̀, omi a gba oríkèé wọlé díẹ̀díẹ̀, igi inú ògiri a jẹrà kí olówó tó mọ̀. Igbá méjì ní oríkèé kan ṣoṣo yí ìbàdí rẹ̀ ká, yàtọ̀ sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ ibùsùn kò ṣe é fojú fò. Nínú ilé kékeré, a máa lọ láti ògiri dé ògiri. Ẹni tí ó bá sùn sínú, bí ó bá fẹ́ dìde lóru, orí ẹnì kejì ni yóò gbà kọjá. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó ti lé ní àádọ́ta, tí ń dìde lẹ́ẹ̀mejì lóru, tí orúnkún sì ń dùn ún, ìjà ni yóò fi pamọ́ sílẹ̀. Kí tọkọtaya bọ́ bàtà níbi tí wọ́n ti ń tà á, kí àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹni tó wà nínú gbìyànjú láti jáde. Kí ojú má tì wọ́n. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì ńkọ́? Nínú irú ilé yìí, ibi kan náà ni a ti ń wẹ̀ tí a ti ń jókòó, ẹnìkan ni yóò sì máa da ohun tó wà nínú táǹkì nù ní ibi tí a yàn fún un. Kí wọ́n ti fi ohùn ṣọ̀kan lórí ẹni náà kí wọ́n tó sanwó. Ata ní tirẹ̀, kí wọ́n dín in níta. Bí wọ́n bá dín in nínú yàrá yẹn, ìrọ̀rí yóò máa rùn fún ọ̀sẹ̀ kan.

A gbọ́ pé ìyá ti béèrè pé, “Níbo ni èmi yóò sùn bí mo bá lọ kí wọn?”, pé kí wọ́n kúkú ra ńlá. Ìyá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi èyí ránṣẹ́ sí wọn. Ilé wọn ní Houston ni yàrá yín wà. Bí àwọn ọmọ bá tìtorí àlejò ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ra ilé tí ó gba ènìyàn mẹ́fà, mọ́tò wọn kò ní lè fà á. Wọn yóò ra mọ́tò ńlá tẹ̀lé e, tàbí kí wọ́n fi mọ́tò kékeré fà á bẹ́ẹ̀. Èkejì ni ó ń dẹ́rù bà wá.

Bàbá ní tirẹ̀ béèrè bóyá ẹni dúdú lè sùn lójú ọ̀nà Amẹ́ríkà láìsí wàhálà. Ìbéèrè àgbà ni. Láti 1936, adúláwọ̀ akólẹ́tà kan, Victor Green, ń tẹ ìwé kan jáde láti sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ibi tí wọ́n lè sùn tí a kò ní lé wọn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 1960, ìwé náà ṣì ń jáde fún ọdún díẹ̀. Òfin 1964 fòpin sí lílé ènìyàn kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì nítorí àwọ̀. Síbẹ̀, kí àwọn ọmọ ti gba àyè sílẹ̀ ní ọgbà ìjọba, níbi tí olùṣọ́ wà, kí wọ́n sì dé ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀pọ̀ àyè nínú àwọn ọgbà àtijọ́ kúrú. Ilé kékeré a máa wọ ibi tí ilé ńlá kò lè wọ̀. Kí ohun tí ń kígbe bí èéfín olóró bá wà nínú yàrá má sì ṣe àìsí. Ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ ti pa lóru pọ̀ nílẹ̀ wa, a kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé.

Kí wọ́n yá irú rẹ̀ lò fún òpin ọ̀sẹ̀ méjì ná. Bí ó bá wù wọ́n síbẹ̀, kí wọ́n wá àlòkù oní-fáíbà tí wọ́n lè fi owó ọwọ́ rà, nítorí yíyá owó ọdún mẹ́wàá lórí ohun tí iye rẹ̀ ń wálẹ̀ lọ́dọọdún kò dùn mọ́ wa nínú. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ inú rẹ̀ láti igun dé igun. Ibi tí ó bá rọ̀, omi ti wọ ibẹ̀. Kí wọ́n wo ara táyà pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin tí ó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ti ọdún 2019 ni. Táyà tí ó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, bí ó ti wù kí ó máa dán tó, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fa ilé náà kúrò níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ní ọmọ tí ó ti ra irú ilé yìí, kí ó bá wa bi í ní iye tí ó wọ̀n pẹ̀lú ẹrù àti orúkọ mọ́tò tí ń fà á, kí ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́ kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.