Ọ̀nà kò jìn, ìdènà ló pọ̀

 

Àbúrò wa kan tó ń gbé ní ilẹ̀ Faransé ló fi àwòrán ìsinmi rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ wọn méjì kó sínú mọ́tò, wọ́n jẹun àárọ̀ ní Faransé, wọ́n jẹ tọ̀sán ní Bẹ́ljíọ̀mù, wọ́n sùn sí Luxembourg. Lọ́jọ́ kejì wọ́n kọjá sí Jámánì. Ó ní ọmọ òun kékeré ń bèèrè ṣáá pé níbo ni ẹnubodè wà, àwọn kò sì rí nǹkan kan fi hàn án ju pátákó tí wọ́n kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Jámánì nìkan ni ọlọ́pàá ti yọjú wò wọ́n lójú fèrèsé, tó sì ní kí wọ́n máa lọ. Gbogbo ẹni tí a fi àwòrán náà hàn nílé ẹ̀kọ́ ló ń mi orí: "Òyìnbó mà ń gbìyànjú o!"

A kò bá wọn mi orí ní tiwa. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 1985 ni Faransé, Jámánì apá ìwọ̀-oòrùn, Bẹ́ljíọ̀mù, Luxembourg àti Netherlands fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Schengen, pé àwọn yóò mú ìdènà kúrò láàárín ara wọn. Ó di ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún 1995 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lójú ọ̀nà. Àwa ńkọ́? Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1979, ní Dakar, ni àwọn olórí CEDEAO, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS, ti fọwọ́ sí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ èkejì, kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní Kútọnù níbí, wọ́n fi carte brune kún un, kí ìnṣọ́ránsì mọ́tò tí a rà nílé lè gbà wá sílẹ̀ bí a bá kọ lu ẹlòmíràn nílẹ̀ aládùúgbò. Ẹ ka ọdún náà dáadáa: 1979. Ọdún mẹ́fà ni a fi ṣáájú àwọn tí à ń mi orí fún. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé wọ́n ń ṣe ohun tí ìwé wọn wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn náà ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀; láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni Jámánì ti dá ọlọ́pàá padà sí gbogbo ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀.

Lọ́dọọdún ni a ń kọ́ àwọn ọmọ CM2 ní ẹ̀kọ́ yìí ní èdè Faransé: la libre circulation des personnes et des biens. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á kà á jáde bí àdúrà, wọ́n á gba máàkì. Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin wa wà nínú kíláàsì náà. Ó bi wá nílé pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti gba ibẹ̀ rí?" A ní a ti dé Lomé lẹ́ẹ̀kan fún ìpàdé. Ó ní, "Ẹ̀yin àti Ìyá?" Rárá. Bí ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò rí wa tí à ń di ẹrù sórí mọ́tò ní oṣù kẹjọ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wá ni pé, "Ta ló kú?" A ò bínú. Lọ́dọ̀ wa, òkú, ìgbéyàwó tàbí ọjà ló ń gbé odindi ìdílé kọjá ẹnubodè. Kí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta jókòó sínú mọ́tò, kí wọ́n ní àwọn kàn ń lọ wo ayé, ìwà òyìnbó ni lójú wa. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará Èjìgbò ní Ọ̀ṣun ti ń ṣe é láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Wọ́n á wọ ọkọ̀ láti Èjìgbò, wọ́n á la Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà kọjá, ó di Abíjàn, tọmọ-tìyá, lọ-bọ̀. Àwọn ọmọ wọn ń gbọ́ Yorùbá, wọ́n ń gbọ́ Faransé. Orílẹ̀-èdè márùn-ún nìyẹn. Kò sí ẹni tó mi orí fún wọn.

Láti ọ̀dọ̀ wa dé Kútọnù súnmọ́ 400 kìlómítà. A gba Tchaourou, a gba Kilibo, a gba Ṣábẹ̀ẹ́ lábẹ́ àwọn òkè rẹ̀ tí òyìnbó fi wé ọmú (àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí a fi dé Ìdáàṣà), a sì sùn sí Kútọnù nílé ìbátan. Lọ́jọ́ kejì a dúró ní Ouidah, ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ́ sétí òkun fún ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn Grand-Popo, ó kan Hillacondji. Aago Bẹ̀nẹ̀ fi wákàtí kan ṣáájú ti Tógò, nítorí náà a kúrò ní Bẹ̀nẹ̀ ní agogo mọ́kànlá, a sì wọ Tógò ní agogo mẹ́wàá àbọ̀. Ọmọkùnrin wa ní kí a máa kọjá síwá-sẹ́yìn títí gbogbo wa yóò fi padà di ìkókó. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ya àwòrán ayé sójú pátákó láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ aago fún ọmọ. Ìṣẹ́jú kan ni ojú ọ̀nà fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ìlú Lomé fẹ̀gbẹ́ ti ilẹ̀ Gánà gan-an ni. Ẹ kọjá ẹnubodè, ẹ ti wà ní Aflao, ibẹ̀ sì ni Faransé tí a fi ń dẹ́rù ba àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kú sí. Ọmọkùnrin wa tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ń gbẹnu sọ fún wa láti ibẹ̀ lọ. Bàbá di ọmọ, ọmọ di bàbá. Owó náà yí padà, fránkì di sídì. A kọjá odò Fólítà ní Sogakope. A sọ fún àwọn ọmọ pé lókè odò yìí, ní Akosombo, ni iná mànàmáná ti ń wá sí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ láti àwọn ọdún 1970. Wọn kò gbà á gbọ́. Lójú wọn, inú wáyà ni iná ti ń wá.

Ojú ọ̀nà etí òkun yìí kan náà ni ẹsẹ̀ ti pọ̀ lórí rẹ̀ rí, tí kì í ṣe ti ìsinmi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n jáde. Yorùbá pọ̀ nínú wọn, oníṣòwò tí wọ́n ti bímọ, tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ó yí padà: Nàìjíríà lé tirẹ̀, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará Gánà, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù náà là ń pè ní Ghana Must Go títí dòní. Ẹnubodè Gánà wà ní títì nígbà náà, wọ́n sì há sí Bẹ̀nẹ̀ níbí fún ọjọ́ púpọ̀. Ìdásílẹ̀ 1979 ti pé ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ nígbà yẹn o. Nígbà tí a sọ ìtàn yìí nínú mọ́tò, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

A dé Elmina, ilé olódi tí àwọn Pọtogí kọ́ ní ọdún 1482. Ẹni tó bá ti rí Ouidah, tó wá rí Elmina láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kò nílò kí tíṣà sọ púpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ní ìdènà kan, a kò ní sọ ti orílẹ̀-èdè wo, nítorí kò sí èyí tó lè fọwọ́ sọ̀yà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n gba gbogbo ìwé wa. Káàdì ìdánimọ̀ pé. Ìwé mọ́tò pé. Carte brune pé. Ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú pé. Ọkùnrin náà wo ọmọ wa tó kéré jù, ó ní, "Ti èyí dà?" A fi hàn án. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní òǹtẹ̀ rẹ̀ kò hàn dáadáa, kí a wá nǹkan ṣe sí i. Oòrùn mú. Ọmọ ń sunkún. Àwọn mọ́tò tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè. A ki 2000 fránkì sáàárín ìwé mọ́tò, a nà án sí i. Ìwé padà, owó kò padà. "Ẹ máa lọ o, ọ̀gá."

A kò tíì rìn tó kìlómítà kan tí ọmọbìnrin wa sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ ọ́ sójú pátákó pé kò sí ẹni tó ń sanwó?"

A kò fèsì. Ó ti di ọdún mọ́kàndínlógún tí a ti ń fi ṣọ́ọ̀kì jẹun, a kò tíì rí ìbéèrè ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó mú wa bí ìyẹn.

Ó rọrùn láti bú ẹni tó gba owó náà, a sì bú u títí a fi dé ibi tí a ó sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a rò ó wò. Kí ló mú wa fún un? Kì í ṣe ìbẹ̀rù, ìwé wa pé. Ìkánjú ni. Ìkánjú yìí gan-an ni wọ́n ń tà fún wa ní ìdènà. Ìyá tó kó tòmátò láti Gánà lọ Kútọnù kò lè jókòó dúró, tòmátò rẹ̀ yóò rà. Awakọ̀ akérò kò lè dúró, èrò yóò sọ̀ kalẹ̀ wọ ọkọ̀ mìíràn. Àwọn wọ̀nyẹn ń san ẹ̀gúnjẹ nítorí pé bí wọn kò bá san án, wọ́n á pàdánù ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Àwa tí a wà ní ìsinmi oṣù méjì ńkọ́? Kí ni ti wa tó fẹ́ rà? Nínú gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà yẹn, àwa nìkan la ní àkókò, àwa la sì tún kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ àpò.

Nítorí náà, nígbà tí à ń padà, a ṣe é lọ́nà mìíràn. Níbi tí wọ́n ti ní kí a mú owó wá, a ní a ó mú un wá, kí wọ́n kọ reçu fún wa, kí wọ́n kọ orúkọ ìjọba sí i. A kò jà, a kò pariwo, a kò pe ẹnì kankan lórí fóònù. A pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́, a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi máńgòrò, a gbé gàrí àti ẹ̀pà jáde. Wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú la lò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gá wọn fúnra rẹ̀ ló kó ìwé wa wá. Kò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin wa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Faransé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìyá àwọn ọmọ kò bá wa gbà á títí dòní. Ó ní ogójì ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn yẹn, òun nìkan ló ń gbé ọmọ tó ń gbóná lára. Pé bó bá jẹ́ alẹ́ ni, tàbí bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló wà ní ìdènà, ẹ̀kọ́ wa ì bá ti di nǹkan mìíràn. Òótọ́ ló sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé kí ẹ máa rìn ní ọ̀sán, kí ìwé yín pé débi tí kò ní sí ihò kankan, títí kan ìwé ìbí àwọn ọmọ, àti ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ òbí kejì bó bá jẹ́ òbí kan ṣoṣo ló ń mú wọn lọ. Bí nǹkan bá sì le, ẹ fún wọn, kí ẹ dáàbò bo ọmọ yín.

A gba Atakpamé padà. Kò sí ohun tó dùn mọ́ wa nínú ìrìn-àjò náà tó ibẹ̀. Ifẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe ara wọn, wọ́n sì ń sọ pé láti Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn ti wá. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà gbọ́ tí à ń pe ọmọ wa, ó gbé orí sókè, ó kí wa. Ọ̀rọ̀ kan á yàtọ̀, méjì á bára mu. Ó fi ẹ̀wà lé e fún àwọn ọmọ láìgba owó. Ọmọkùnrin wa bi wá pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ èdè wa ní Tógò. A ní kí ó yí ìbéèrè náà padà: báwo ni wọ́n ṣe fa ìlà gba àárín èdè wa kọjá?

Àwa tí à ń gbé lójú ọ̀nà Parakú mọ ohun tí ẹnubodè títì ń ṣe. Nàìjíríà ti tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kó tó ṣí i. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Nìjẹ̀ ní ọdún 2023, a rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, Nìjẹ̀, Málì àti Burkina Faso jáde kúrò nínú CEDEAO pátápátá. Bí wọ́n bá gba ìwé 1979 lọ́wọ́ àwa náà lọ́la, mélòó nínú wa ni yóò mọ̀ pé nǹkan kan sọnù?

Ọmọbìnrin wa ti kọ àwọn ìwé tó yẹ kí a mú dání sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀. Ó kọ ẹní àti gàrí mọ́ ọn. Ní oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, Kétu ni a fẹ́ gbà, Ìlárá, Ìmẹ̀kọ, títí dé Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ojú ọ̀nà ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa bí títì rẹ̀ ṣe rí lákòókò òjò.