Ajé Gúnlẹ̀, Bàálù Balẹ̀: Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wòran

Ní Sátidé kan nínú ìsinmi Kérésìmesì tó kọjá, aago mẹ́fà ìdájí kò tíì lù tí àwa méjì fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Warehouse Road ní Àpápá. Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà. Ètè wa gbẹ, ojú ọ̀run funfun bí ẹni pé wọ́n da eérú sí i. Àwọn tírélà tò lọ bẹẹrẹ, àwọn awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, wọ́n ń fi omi inú ike bọ́jú. Ìyá alákàrà ti dá iná. Ẹni tó pè wá síbẹ̀ ni àbúrò ọ̀kan nínú wa, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ó ní ká wá bá òun wo bàálù.

A kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ọmọ yìí mú ìwé kékeré kan dání tó ti fi rúlà pín sí ìlà: aago, irú ọkọ̀, ibi tó ti ń bọ̀, nọ́ńbà ara rẹ̀. Kí àwa tó gbọ́ ariwo kankan, ó ti nawọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iná yẹn. Ẹ́ńjìnnì méjì ni. Ó ti yọ ẹsẹ̀." Ó wo fóònù rẹ̀, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí nọ́ńbà ara bàálù bá fi 5N bẹ̀rẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ G, ti ìlú Ọba ni.

A bi í pé kí ló dé tí bàálù ń ti apá òkun bọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bàálù kì í fẹ́ kí atẹ́gùn ti òun lẹ́yìn: bó ń gbéra, bó ń balẹ̀, atẹ́gùn ló máa ń kọjú sí, torí atẹ́gùn iwájú ló ń ran apá rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé ní Ìkẹjà na láti àríwá sí gúúsù. Lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún, atẹ́gùn òkun ló ń fẹ́ wọ Èkó. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, tí atẹ́gùn bá ti àríwá wá, bàálù á yí ká, á ti apá òkun wọlé. Àwa tí a ti ń kọ "ọyẹ́" sínú àròkọ láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a ò mọ̀ pé ọyẹ́ lè yí ọ̀nà bàálù padà.

Ohun tó mú wa kọ èyí ni ìtàn tó sọ fún wa nígbà tí a ń jẹ àkàrà. Ó ní òun dúró lẹ́yìn odi pápákọ̀ òfurufú kan lọ́jọ́ kan, lórí títì gbogboogbò, ni ẹ̀ṣọ́ kan bá gba fóònù òun, ó pa gbogbo àwòrán inú rẹ̀ rẹ́, ó sì bi òun pé, "Ṣé o fẹ́ sá lọ ni?" Nígbà tó délé, tó ròyìn fún ìyá rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni màmá bi í.

A mọ ohun tó ń ba màmá lẹ́rù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, ọmọkùnrin kan fara pamọ́ sí ihò táyà bàálù Arik láti Benin dé Èkó. Orí ló yọ ọ́. Ìròyìn ìgbà náà sọ pé ó rò pé Amẹ́ríkà ni bàálù ọ̀hún ń lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ọkùnrin mẹ́ta jókòó sórí irin ìdarí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ epo Alithini II láti Èkó dé erékùṣù Canary, ọjọ́ mọ́kànlá lórí omi. Ní ọdún 2023, àwọn mẹ́rin mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ Ken Wave. Oúnjẹ wọn tán ní ọjọ́ kẹwàá. Nígbà tí ọlọ́pàá yọ wọ́n ní ọjọ́ kẹrìnlá, Yúróòpù ni wọ́n rò pé àwọn dé. Bùràsíìlì ni.

Ẹ tún ìyẹn kà. Àwọn èèyàn fi ẹ̀mí wọn lé ọkọ̀ tí wọn ò mọ ibi tó ń lọ. Ọkọ̀ ńlá tó ń ná òkun gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń kéde orúkọ rẹ̀, ibi tó wà àti ibi tó ń lọ, ẹnikẹ́ni sì lè fi fóònù wò ó. Ọmọ tó mọ bí a ṣe ń wo ọkọ̀ á mọ̀ pé Bùràsíìlì ni. Á tún mọ̀ pé bí bàálù bá gòkè tán, òtútù ihò táyà á ju ti fíríìsà lọ, atẹ́gùn tí èèyàn ń mí kò sì ní tó. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wa ni pé wíwo kọ́ ló ń pa ọmọ wa. Àìwò dáadáa ni. Ẹ̀ṣọ́ yẹn rò pé òun ń lé ẹni tó fẹ́ sá lọ. Ọmọ tó mọ ewu ibẹ̀ jù lọ ló lé.

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń fura sí awòran. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2001, wọ́n mú Gẹ̀ẹ́sì méjìlá àti ará Netherlands méjì ní ilẹ̀ Gíríìsì torí pé wọ́n ń kọ nọ́ńbà bàálù ológun sílẹ̀. Wọ́n dá wọn lẹ́bi ní 2002, kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá wọn sílẹ̀ lọ́dún kan náà. A gbà pé ààbò ṣe pàtàkì, a ò sì ní kí ẹnikẹ́ni fo odi. Ṣùgbọ́n ní Manchester, wọ́n ṣe ọgbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfurufú tí tọmọdétàgbà ti ń wo bàálù tó ń gbéra. Ẹni tí o bá fún láyè ní gbangba, o ò ní máa wá a lẹ́yìn odi.

Ó wá kan àwa tí à ń kọ́ Yorùbá. Ẹ wo orúkọ Ajégúnlẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gúnlẹ̀. Ajé ló bá ọkọ̀ wá. Láti 1926 tí èbúté Àpápá ti ń gba ọkọ̀ ńlá, ajé kò yéé gúnlẹ̀ lẹ́yìnkùlé àwọn ọmọ yìí, síbẹ̀ bí a bá dárúkọ àdúgbò wọn, Samson Siasia àti Daddy Showkey la máa ń rántí: bọ́ọ̀lù àti orin. Méjèèjì dára. Ṣé ọmọ Ajégúnlẹ̀ ò lè di awakọ̀ òfurufú, tàbí ẹni tó ń darí bàálù láti ilẹ̀? Ọmọ yìí ò sì dúró de ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Táyà bàálù, ẹsẹ̀ ló pè é. Ó ní apá, ó ní ìrù. Bàálù ń balẹ̀ bí ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ló bi wá pé kí là ń pe irin pẹlẹbẹ tó máa ń gbéra lórí apá rẹ̀ tó bá fẹ́ dúró. Àwa ọ̀jọ̀gbọ́n ọ̀la wo ara wa lójú. A ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, a bẹ̀ yín, ẹ ronú sí i. Ẹni tó bá ní àbúrò tó ń wòran, kó jókòó tì í kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní èbúté tàbí pápákọ̀ òfurufú, kó bá wa ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Nígbà tí oòrùn yọ, bàálù mẹ́rin ló wà nínú ìwé ọmọ náà. Ó ní márùn-ún ló yẹ kó jẹ́, pé ọyẹ́ ti dá ọ̀kan dúró. A dúró dè é.