Kí Báńkì Náà Gba Ọmọ Ẹ̀kọ́ṣẹ́

Ẹni tó fi oṣù mẹ́fà péré kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Ìsánlú-Ìsin, ta ni yóò gbé aṣọ ìyàwó fún un? Síbẹ̀, oṣù mẹ́fà ni ètò ìkọ́ṣẹ́ SIWES, tí ITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún ìkọ́ṣẹ́, dá sílẹ̀ ní 1973, sábà máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà láti fojú kan iṣẹ́ gidi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2015, ọ̀dọ́ lè máa ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní báńkì ńlá, kó máa gbowó oṣù, kó sì máa kàwé gboyè lẹ́ẹ̀kan náà, láìsan kọ́bọ̀ fún yunifásítì. Irú èyí ló yẹ kí báńkì wa bá Yunifásítì Landmark ní Òmù-Àrán dá sílẹ̀.

Wọ́n á ní bí ọmọ bá mọṣẹ́ tán, Kánádà ló ń lọ. Àwọn kan yóò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ti gboyè kí wọ́n tó gbà wọ́n síṣẹ́ náà ń lọ. Àdéhùn láàárín ọ̀gá àti ọmọṣẹ́, pé ọmọ yóò ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá fún ìgbà kan kó tó lọ, kò sì ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Owó ńkọ́? Òfin ti ní kí ilé iṣẹ́ bíi báńkì máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ITF lọ́dọọdún. Kí ITF máa dá púpọ̀ nínú rẹ̀ padà fún báńkì tó bá gba ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin.