Orí Yí, Bàálù Yà

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú náà ni awakọ̀ bàálù fi ń ṣọ́ ilẹ̀ tí yóò bà sí. Ẹni tó bá ń fò yí pápákọ̀ òfurufú Ìbàdàn ká, ní Alákìá, kí ó tó balẹ̀, ìgbà tó bá rí pápá náà lẹ́yìn èjìká rẹ̀ ni yóò yà.

Nínú eré bàálù orí kọ̀ǹpútà, iwájú nìkan là ń rí. Bí a bá fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́, bọ́tìnì ni a óò tẹ̀, nígbà tí ọwọ́ kò dilẹ̀ rárá. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọgbọ́n tí ń jẹ́ kí àwòrán máa yí tẹ̀lé orí ẹni.

Ẹ má rò pé owó gọbọi ni. Ọ̀fẹ́ ni eré FlightGear. Ọ̀fẹ́ ni opentrack tí ń ka bí orí ṣe ń yí. Ẹ de fóònù mọ́ fìlà dáadáa. Áàpù inú rẹ̀ yóò máa ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà lórí Wi-Fi, láìsí wáyà. Ẹ tan hotspot, ẹ pa dátà. Ìgbà tí ẹ bá ń gba eré náà àti àwòrán ilẹ̀ wa sílẹ̀ nìkan ni dátà yóò lọ. Bí ẹ bá yí orí díẹ̀, opentrack yóò sọ ọ́ di púpọ̀, kí ojú yín má baà kúrò lára ẹ̀rọ.

Ọmọ Lágelú tàbí Ọ̀nà-Àrá tó ń gbójú sókè wo bàálù lè ti ibẹ̀ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí lójú awakọ̀. Ẹ tẹ DNIB, àmì tí àwọn awakọ̀ bàálù fi mọ pápá Ìbàdàn. Ẹ gbéra, ẹ yíjú sósì, ẹ wá pápá.