Ẹ Má Sá fún Mátíríìsì: Kọ̀ǹpútà Ò Lè Ronú fún Wa

 

Nígbà tí a wọ SS 2, èèyàn mọ́kànlélógún ni wá nínú kíláàsì Further Maths. Ní báyìí, ó ku mẹ́sàn-án. Àwọn tó fi í sílẹ̀ ń sọ pé, "Kí la fẹ́ fi mátíríìsì ṣe? Ṣé wọ́n ń fi ra gàrí ni?" Àwọn mìíràn ní kọ̀ǹpútà ti ń ṣe é, kí la tún ń fọwọ́ ṣe é fún? Kí n má purọ́, èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò sọ ọ́ mọ́.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo yá láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n mi láti ṣe géèmù kékeré kan: bọ́ọ̀lù tó ń lu ilẹ̀ àti ògiri, tó ń ta padà. Ẹ̀gbọ́n mi fi GLM hàn mí. Láíbúrérì ni, fún èdè C++. Ìyẹn ni pé àwọn kan ti kọ ìṣirò fẹ́kítọ̀ àti mátíríìsì sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, o kàn máa pè é sínú kóòdù tìrẹ. Bí o bá fẹ́ yí nǹkan, tàbí kí o sún un, mátíríìsì ìlà mẹ́rin òpó mẹ́rin ló fi ń ṣe é.

Mo ní kó yí ògiri ní 90. Ògiri wọ́ bí ọ̀mùtí! Alẹ́ méjì ni mo fi wá àṣìṣe náà, láìmọ̀ pé rédíánì ni GLM ń lò, kì í ṣe dìgírì. 90 rédíánì yípo ju ìgbà 14 lọ, ó wá dúró síbi tó dà bíi dìgírì 117. Rédíánì tí tíṣà kọ́ wa nìyẹn, tí mo ń sùn lẹ́yìn kíláàsì.

Bọ́ọ̀lù ńkọ́? Bí ó bá ń bọ̀ ní (3, -4), tó kan ilẹ̀, ó yẹ kó padà sókè ní (3, 4). Eré rẹ̀ ṣì jẹ́ 5. GLM ní iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ reflect fún èyí, ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ ibi tí ilẹ̀ kọjú sí fún un: (0, 1). Bí o bá ṣèèṣì kọ (0, 2), kò ní bá ọ jà. Bọ́ọ̀lù á kàn fò lọ ní (3, 28).

Láíbúrérì dà bí ọ̀kadà. Ó yára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó lẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ mọ ilé tó ń lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí yàrá kọ̀ǹpútà fún wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín pé a ò ní fọwọ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fọwọ́ ṣe é, ká wá fi kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò. Ilé la ti ń wá, kì í ṣe gbogbo wa ló ní ẹ̀gbọ́n tó ní láptọ́ọ̀pù. Kọ̀ǹpútà tí a fi ọ̀rá bò kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má jẹ́ kí mẹ́sàn-án yìí di mẹ́rin. Bọ́ọ̀lù mi ti ń ta dáadáa báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kó wá bá mi lẹ́yìn ìwé.