Ẹni Tó Mọ Àwòrán Yà Lè Má Mọ Pósítà Ṣe

Ní Bwari, níbi tí olú ilé-iṣẹ́ JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé fásitì, àti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà wà, ìwé títẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun. Olóṣèlú ń wá pósítà, ìyàwó ń wá káàdì ìpè, ọlọ́jà ń wá bánà tí yóò gbé kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí oníṣòwò bá sì fẹ́ gba ọmọ tí yóò máa ṣe gbogbo rẹ̀ sídìí kọ̀ǹpútà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í yẹ̀: “Ṣé o mọ àwòrán yà?” Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn òbí náà ń ṣe é. Ọmọ ya ojú ìyá àgbà rẹ̀ sínú ìwé, àwòrán ọ̀hún fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá tọrùn bọ gbèsè, ó ra láptọ́ọ̀pù, ó ní kí ọmọ lọ kọ́ CorelDRAW. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ ṣe pósítà ìsọjí fún ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Àdàbà tó yà síbẹ̀ dùn ún wò, èèyàn lè ka ìyẹ́ apá rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìsọjí wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ kò ju èèrà lọ, àwọ̀ ìyeyè lórí funfun. Ẹni tó kọjá lórí ọ̀kadà rí ẹyẹ, kò rí ọjọ́. Ẹ̀bùn ọmọ náà kò dínkù. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló yàtọ̀ sí èyí tí Ọlọ́run fi ta á lọ́rẹ.

Ó yẹ kí agbègbè Abuja mọ ìyàtọ̀ yìí ju ibòmíràn lọ, nítorí ilẹ̀ àwọn Gbagyi ni, ilẹ̀ amọ̀kòkò. Láti Kwali ni Ladi Kwali ti wá, obìnrin tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọdún 1925, tó kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ àǹtí rẹ̀. Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, rí ìkòkò rẹ̀ láàfin ẹ́míà Abuja, ìlú tí wọ́n ń pè ní Suleja lónìí, ní 1954, Ladi sì wọ ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀kòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í jókòó mọ ìkòkò ńlá. Á fi ọwọ́ yí amọ̀ bí okùn, á máa tò ó léra, á sì máa fi ẹ̀yìn rìn yí ìkòkò náà ká bó ṣe ń ga sí i. Bó bá parí rẹ̀, á fa alángbá, ejò àti àkekèé sí i lára. Ìkòkò rẹ̀ méjì kò dọ́gba rí. Èyí tó bá sì fi sílẹ̀ ní ìdajì, ta ni yóò bá a parí ẹ̀?

Ẹ wá wo Taiwo Akinkunmi. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó ń kọ́ iṣẹ́ iná mànàmáná ní London nígbà tó rí ìkéde pé wọ́n ń wá àsíá fún Nàìjíríà tó fẹ́ gba òmìnira. Ó fi ọ̀já mẹ́ta ránṣẹ́, ewé, funfun, ewé, ó sì fi oòrùn pupa kan sáàárín funfun. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn kúrò, wọ́n mú ìyókù, wọ́n sì fún un ní £100. Ẹni tó bá yọ alángbá kan lára ìkòkò Ladi ti ba ìkòkò jẹ́. Wọ́n yọ oòrùn lára àsíá Akinkunmi, àsíá tún mọ́ sí i. Lónìí, télọ̀ èyíkéyìí ní Dutse Alhaji lè rán an, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi kíráyọ̀nù kan ṣoṣo yà á, kò sì ní yingin.

Ohun tó ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ ọnà ń fẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Iṣẹ́ gíráfíìkì, bíi pósítà àti àsíá, gbọ́dọ̀ lè kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, kó sì yé e. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ gbé Ladi sẹ́yìn ogún náírà ní 2007, obìnrin tí ìkòkò rẹ̀ kò jọra wá bọ́ sínú iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ má jọra: bí ogún náírà kan bá yàtọ̀ sí èkejì, ayédèrú ni.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìyàtọ̀ yìí. Nídìí àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin Ìbàdàn ń tì bọ ẹ̀kọ láti fi ya bátànì Ìbàdàndùn, òpó gbọ̀ngàn Màpó tòun ti ṣíbí. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin ń gé páànù ní bátànì, wọ́n ń tẹ ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá sórí aṣọ, bátànì kan fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún aṣọ. Aró kan náà ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí. Ta ló bi agépáànù bóyá ó mọ ìyẹ́ lò?

Wọ́n lè ní Bruce Onobrakpeya, àgbà ayàwòrán, ya àwòrán sínú ìwé Fágúnwà tí Ṣóyínká túmọ̀. Òótọ́ ni, àwòrán náà sì dára. Àmọ́ yíya àwòrán sínú ìwé yàtọ̀ sí ṣíṣètò ìwé: bí lẹ́tà yóò ṣe tóbi tó, àyè tí yóò wà létí ojú ewé, ibi tí àkọlé yóò jókòó sí. Ẹni tó bá mọ méjèèjì, orí méjì ló ní.

Lórí ìdánwò JAMB, Fine Arts nìkan ni orúkọ tí ayàwòrán àti oníṣẹ́ gíráfíìkì jọ ń jẹ́: ogójì ìbéèrè, orí kọ̀ǹpútà, láìsí àwòrán yíyà kankan. Wọ́n á wá pín àwọn ọmọ náà sọ́nà lẹ́yìn tí wọ́n bá wọ fásitì, nígbà tí ẹni tí kò mọ àwòrán yà ṣùgbọ́n tó mọ ọ̀rọ̀ tò ti sá lọ síbòmíràn. Ó yẹ kí JAMB ya wọ́n sọ́tọ̀. Títí dìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ gba oníṣẹ́ gíráfíìkì ní Bwari, kó má béèrè àwòrán ojú ẹnikẹ́ni. Kó gba pósítà mẹ́ta tí ọmọ náà ti ṣe, kó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kó sọdá sí òdìkejì títì, kó sì gbìyànjú láti ka ọjọ́ tó wà níbẹ̀.