Nígbà Tí Ọkọ́ Di Ọkọ

Èdè C ni wọ́n fi kọ HDF5, àkójọ ètò tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń tọ́jú dátà. Láti 2016 ni afárá tó so ó mọ́ Java ti wà nínú rẹ̀. Orí afárá yìí ni àmì ohùn wa ti ń bọ́ sómi. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo gbà sílẹ̀ ní Akóbọ̀, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko di ọkọ ìyàwó! Unicode kò fún ‘ọ́’ ní kóòdù kan ṣoṣo. Ẹyọ 4 ni Java ka ‘ọkọ́’ sí. Ní UTF-8, báìtì 9 ni. Báìtì 7 ni mo yà sọ́tọ̀. Ẹ̀bi mi ni, n kò jiyàn. Síbẹ̀, afárá tó ń gé ọ̀rọ̀ láìké gbàjarè kò ṣe é fọkàn tán. Àyè tí ń gbòòrò bí ọ̀rọ̀ bá ṣe gùn tó ni mo ń lò báyìí.